Bájì Ọlọ́pẹ Àwọn Bàbá Wa

Nígbà tí a ń múra ọdún mẹ́wàá ẹgbẹ́ wa yìí, àwòrán àwọn bàbá wa la fẹ́ kó jọ. Bájì ló wá pọ̀ ju àwòrán lọ. Inú àpótí àwọn ìyá àgbà, láàárín ìwé owó-orí àti ìlẹ̀kẹ̀, la ti rí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: idẹ kékeré tí sójà ń fi sára fìlà, tí igi ọ̀pẹ dúró lójú rẹ̀.

Ọ̀pẹ yìí ni àmì ọmọ ogun tí Gẹ̀ẹ́sì kó jọ láti Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gáńbíà. Ọdún 1897 ni wọ́n rán Lugard láti dá a sílẹ̀. Ní 1928 ni wọ́n fi 'Royal' kún orúkọ rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá rí R.W.A.F.F. lábẹ́ ọ̀pẹ, bájì yẹn kò ṣáájú 1928. Ẹ fọwọ́ pa ojú rẹ̀ wò pẹ̀lú. Idẹ tí sójà ń nù láràárọ̀ fún ọdún púpọ̀, ìlà imọ̀ ọ̀pẹ rẹ̀ á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rẹ́. Èyí tí gbogbo ìlà rẹ̀ mú ṣáṣá, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí ayédèrú pọ̀ lọ́jà.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn aláàrù ló gbà wá lọ́kàn jù. Nígbà ogun Hitler, dífíṣọ̀n 81 dé Íńdíà ní 1943, dífíṣọ̀n 82 tẹ̀lé e ní 1944, wọ́n sì jà ní Bọ́mà. Ní àfonífojì Kaladan, bàálù ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀, orí ènìyàn ló sì ń rù ú la igbó já. Ẹ̀ka aláàrù wà fún iṣẹ́ yìí, ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì gbé ìbọn. Olùyọ̀ǹda ni ìwé ń pè wọ́n. Àwọn kan fúnra wọn lọ lóòótọ́. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé baálẹ̀ ló fi orúkọ wọn sílẹ̀.

Ẹ wo àmì aláṣọ tí dífíṣọ̀n 82 ń rán mọ́ èjìká: ọ̀kọ̀ méjì gba inú òṣùká kọjá. Òṣùká! Lójú tiwa, ó níyì ju adé àti kìnnìún lọ.

Àwọn tó ń ra idẹ ń lọ láti ilé dé ilé báyìí. Tí bájì bá ti bọ́ sọ́wọ́ wọn, orúkọ ẹni tó ni ín ti lọ nìyẹn. Ẹ̀yin ẹbí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé tiyín wá. A ó ya àwòrán rẹ̀, a ó kọ orúkọ bàbá, agbo ilé àti nọ́ńbà iṣẹ́ ogun rẹ̀, a ó sì dá a padà fún yín lọ́jọ́ náà. Bí ẹni yín kò bá padà wálé, ẹ jẹ́ ká mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí orúkọ rẹ̀ wà lára ìrántí Rangoon, ní itẹ́ òkú ogun Taukkyan.

Bájì 17 la ti kọ sílẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn kò tíì ní orúkọ.