Ama Ata Aidoo (1942–2023)

Òǹkọ̀wé eré oníṣe, ọmọ Gánà. Abeadzi Kyiakor nítòsí Saltpond ni wọ́n ti bí i, níbi tí bàbá rẹ̀ ti jẹ́ olóyè. Ó ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Gánà, Legon, nígbà tí wọ́n ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́, *The Dilemma of a Ghost*, ní 1964: ọmọ ilé kan gbé ìyàwó adúláwọ̀ bọ̀ láti Amẹ́ríkà, ilé sì dàrú.

*Anowa* (1970) ló ta gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ yọ. Bíi ti ọmọbìnrin inú àlọ́ wa tó kọ gbogbo ọkọ, Anowa fẹ́ ẹni tí ìyá rẹ̀ kò fẹ́. Ọkọ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ẹrú, ó là, ṣùgbọ́n Anowa kò bá a jẹ nínú ọrọ̀ náà. Nínú ilé olówó yẹn, aṣọ àtijọ́ ló wà lọ́rùn rẹ̀, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Obìnrin tó le ju báyìí lọ ṣọ̀wọ́n lórí ìtàgé Áfíríkà.

Ní 1982, ìjọba Rawlings ní Gánà fi í ṣe mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Ó fẹ́ kí ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́. Nígbà tó rí i pé kò ní ṣeé ṣe, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀, ó sì di àtìpó ní Zimbabwe ní 1983. Ní Harare, ó ṣiṣẹ́ lórí ètò ìwé ẹ̀kọ́ fún ìjọba ibẹ̀, ó sì tẹ ìwé ewì *Someone Talking to Sometime* (1985) jáde. Ìwé ìtàn àròsọ rẹ̀, *Changes*, gba ẹ̀bùn Commonwealth ti ilẹ̀ Áfíríkà ní 1992. Àmọ́ kò tún tẹ eré oníṣe kankan jáde lẹ́yìn *Anowa*, àdánù gidi sì ni.