Ọ̀rọ̀ Tí Ìgbà Rẹ̀ Kò Tíì Tó Nínú Ìtàn Àtijọ́

Nínú ìtàn àròsọ tí àwọn òǹkọ̀wé òde òní ń hun nípa Odùduwà, Baṣọ̀run Gáà tàbí Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ọ̀rọ̀ tí ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí ti ẹni tó ń sọ ọ́ ló sábà máa ń tú òǹkọ̀wé fó.

Ti owó ló rọrùn jù láti rí. Oṣù kìíní ọdún 1973 ni náírà dé, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ni ọ̀rọ̀ náà kọ́bọ̀ ti wá. Nígbà tí Ẹfúnṣetán, tó kú ní 1874, ń ṣòwò n'Íbàdàn, owó ẹyọ ni wọ́n ń kà: ẹgbàá jẹ́ 2,000 ẹyọ, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000.

Ti oúnjẹ gba ìṣọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ti wá, kò sì sí èyí tó dé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ṣáájú 1492. Kò yẹ kí ẹ̀kọ àgbàdo wà níwájú Odùduwà rárá. N'Ífẹ̀, ìkòkò tí wọ́n fi ṣùkù àgbàdo yí ọnà sí lára jẹ́ àmì tí àwọn awalẹ̀pìtàn fi ń mọ ìpele ilẹ̀ tó jẹ́ ti ẹ̀yìn ìgbà tí àgbàdo dé. Gáà, tó kú ní 1774, lè mu ẹ̀kọ tirẹ̀ yó.

Ọ̀rọ̀ kì í di àṣìṣe nítorí pé a yá a. Ìsìláàmù ti wọ Ọ̀yọ́ ṣáájú Gáà, nítorí náà oníṣòwò ìgbà yẹn lè sọ pé àlàáfíà, kó sì tọrọ àlùbáríkà. Ẹni tó bá yọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dànù kí èdè lè mọ́ ń ba ìtàn jẹ́ ni.

Èyí tó nira jù ni ọ̀rọ̀ Yorùbá pọ́ńbélé tí ìlò rẹ̀ ti yí padà. Ìjọba amúnisìn ló dá iṣẹ́ ọlọ́pàá òde òní sílẹ̀. Ṣáájú rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ààfin tí wọ́n ń pè ní ìlàrí ni Aláàfin ń rán níṣẹ́. Ìṣẹ́jú akán ti wà tipẹ́, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú tí ọgọ́ta rẹ̀ pé wákàtí kan bá aago wọlé ni. Orúkọ ogun Kírìjì pàápàá, ìró ìbọn ogun náà, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Jagunjagun tó ń kúrò nílé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kò lè ní Kírìjì lòun ń lọ.

Orúkọ náà, Yorùbá, wà lára àwọn ọ̀rọ̀ tí ìlò wọn ti yí padà. Àwọn onímọ̀ Mùsùlùmí ìhà àríwá ti ń lò ó tipẹ́. Ahmad Baba ará Timbuktu kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1615. Ṣùgbọ́n Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú àti Ìjẹ̀ṣà ni àwọn ènìyàn náà ń pe ara wọn. Akú ni wọ́n ń pè wọ́n ní Sàró, Nagô ní Brazil, Lukumí ní Kúbà. Àwọn míṣọ́nnárì àti Samuel Ajayi Crowther, tó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè náà jáde ní 1843, ló sọ ọ́ di orúkọ gbogbo wọn. Bí òǹkọ̀wé bá mú Gáà dìde láàárín ìgbìmọ̀ Ọ̀yọ́ Mèsì pé kó ké sí gbogbo ọmọ Yorùbá, irú ìlò orúkọ tó fi sí i lẹ́nu yìí kò tíì sí láyé Gáà; ọmọ Ọ̀yọ́ ni ìbá ké sí.