Àyípo Krebs

Àyípo Krebs ni apá kan pàtàkì nínú ọ̀nà tí sẹ́ẹ̀lì ń gbà fa agbára yọ láti inú ṣúgà. Orúkọ Hans Krebs ni wọ́n fi ń pè é, ọmọ Jámánì tí ìjọba Hitler lé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní 1933 nítorí pé ó jẹ́ Júù. Ìlú Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ti yanjú ọ̀rọ̀ náà ní 1937. Iṣan àyà ẹyẹlé ló fi ṣe àyẹ̀wò. Ìwé ìròyìn Nature kò gba àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ní 1953, ó gba ẹ̀bùn Nobel.

Sẹ́ẹ̀lì á kọ́kọ́ la glúkóòsì, irú ṣúgà kan, sí méjì. Ìdajì kọ̀ọ̀kan á wọ inú mitochondria, ilé agbára sẹ́ẹ̀lì, á pàdánù kábọ́ọ̀nù kan, á ku méjì. Méjì yìí á so mọ́ oxaloacetate tó ní mẹ́rin, wọn á di ásíìdì sítíríìkì, èyí tó ń mú kí ọsàn wẹ́wẹ́ kan. Lẹ́yìn náà, kábọ́ọ̀nù méjì á tún jáde, wọn á di ara èémí tí à ń mí síta, oxaloacetate á sì padà yọjú láti gba òmíràn. Ìdí tí a fi ń pè é ní àyípo nìyẹn.

Ohun tó jọ mí lójú jù ni pé àyípo náà fúnra rẹ̀ kì í pèsè ATP púpọ̀, ìyẹn èròjà tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ná agbára. Èlẹ́kítíróònù ló ń kó jọ fún NADH àti FADH2, kí wọ́n gbé e lọ síbi tí ọ́síjìn ti ń gbà á; ibẹ̀ ni ATP ti ń pọ̀. Kò sí ìgbésẹ̀ kankan nínú àyípo yìí tó ń lo ọ́síjìn tààrà, síbẹ̀ bí ọ́síjìn bá tán, yóò dúró.