Rédíò kékeré ìlú Oxford

Kì í ṣe Oxford ti ìlú ọba ni mò ń wí o, Oxford ti Ohio ní Amẹ́ríkà ni, ìlú kékeré tí Miami University wà. (Ẹ má bi mí pé kí ni Miami ń wá ní Ohio!)

Ní 1981, tọkọtaya kan, Doug àti Linda Balogh, ra ilé-iṣẹ́ rédíò kan níbẹ̀. Nígbà tó di 1983, wọ́n sọ ọ́ di 97X, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbé orin rock tuntun sáfẹ́fẹ́, irú èyí tí àwọn rédíò ńlá kì í fẹ́ fọwọ́ kàn. Ẹ̀rọ wọn ò lágbára. Ní Cincinnati tó wà nítòsí gan-an, ibòmíì wà tí kì í ti í hàn. Síbẹ̀, nínú fíìmù Rain Man ní 1988, Dustin Hoffman ń pe gbólóhùn ìpolówó wọn ní àpètúnpè.

Ní 2004 ni wọ́n ta ìkànnì FM náà, ó lé ní mílíọ̀nù 5 dọ́là. Ẹlòmíì á ní ojúkòkòrò ni. Èmi ò ní bá a sọ bẹ́ẹ̀ o. Ogún ọdún ó lé nídìí ohun kan ṣoṣo, ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò!

Rédíò náà kó lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Owó tán ní 2006, ilé-iṣẹ́ Lala gbé e dìde. Wọ́n kó o lọ sí Austin ní 2009. Lóṣù Kẹta 2010, ó dákẹ́. Ẹni tó ń ta oúnjẹ ní Oxford lè sanwó ìpolówó lórí FM. Kí ló fẹ́ fi olùgbọ́ tó wà ní London ṣe?