Imú Àtúnṣe, láti Íńdíà dé Lọ́ńdọ̀nù
Nítorí pé gígé imú jẹ́ ìyà tí wọ́n fi ń jẹ ọ̀daràn àti ẹni tí ogun kó ní Íńdíà àtijọ́, iṣẹ́ abẹ àtúntò ojú, ìyẹn títún ẹ̀yà ojú tó bàjẹ́ ṣe, tètè gbilẹ̀ níbẹ̀. Oníṣègùn a gé awọ iwájú orí ní ìwọ̀n imú, ṣùgbọ́n a fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ojú méjèèjì kí ẹ̀jẹ̀ lè máa ṣàn wọ inú rẹ̀, a sì yí i wálẹ̀ bo ojú ọgbẹ́ títí yóò fi mọ́ ọn. Ní 1794, Gentleman's Magazine, ìwé ìròyìn kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ròyìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ tí oníṣègùn Íńdíà kan ṣe. Joseph Carpue, oníṣẹ́ abẹ kan, ṣe é ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1814, òun ni ọ̀pọ̀ sì ń yìn, bẹ́ẹ̀ ìròyìn náà kò tilẹ̀ dárúkọ oníṣègùn Íńdíà náà. Awọ iwájú orí yìí ni wọ́n ṣì ń lò lónìí fún imú tí jẹjẹrẹ bá bà jẹ́.