Tẹ̀

Ohùn ìsàlẹ̀ ni "tẹ̀" ń gbé. Ẹni tó bá gbé e lọ sókè, "tẹ́" ló pè, ìyẹn sì ń tẹ́ ẹní, ó ń tẹ́wọ́ gba ẹ̀bùn, ó ń jẹ́ kí nǹkan gbòòrò sílẹ̀. Wíwọlé ni ti "tẹ̀": agbára tó ti òkè bọ̀ wálẹ̀, tó sì wọ inú ohun tó bá níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀. A ń tẹ ìwé nílé ìtẹ̀wé. Ìjọba ń fi òǹtẹ̀ lu ìwé. Babaláwo ń tẹ odù sínú ìyẹ̀rosùn lórí ọpọ́n, ẹni tí wọ́n bá sì sọ di ọmọ awo, wọ́n tẹ̀ ẹ́ nífá ni. Òṣìṣẹ́ ń tẹpá mọ́ṣẹ́, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ ń tẹríba. Ẹni tó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀ tó sì dúró síbẹ̀, òun la ní ó tẹ ìlú dó.

Bí mo ṣe gbọ́ ọ, ohun kan ló so gbogbo wọn pọ̀: lẹ́yìn tí ọwọ́ bá ti kúrò, nǹkan ti yí padà. Babaláwo tí ìka rẹ̀ kò fa ìlà nínú ìyẹ̀rosùn kò tíì tẹ odù. Pépà tí tàdáwà kò dé ara rẹ̀ kò tíì di títẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1859, ẹ̀rọ ló ń fi irin tẹ tàdáwà mọ́ pépà. Àjèjì ni ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi pè é. Fayetteville tí mò ń gbé yìí náà, níhà gúúsù Atlanta, ilẹ̀ àwọn Creek, ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni kí àdéhùn ọdún 1821 tó gbà á lọ́wọ́ wọn, tí àwọn aláwọ̀ funfun fi tẹ ìlú dó síbẹ̀ ní 1822. Títẹ̀ máa ń fi àpá sílẹ̀, ìbáà dùn mọ́ni, ìbáà máà dùn mọ́ni.

Títẹ̀ tó pọ̀ jù nílé wa lónìí ni ti bọ́tìnnì. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé lọ́dọ̀ wa fẹ́ ra kíbọọ̀dù tuntun, irú èyí tí bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan ní súwíìṣì tirẹ̀ lábẹ́. Ó gbé àwòrán súwíìṣì pupa, búlúù àti búráùn kalẹ̀ níwájú mi, ó ní, "Ọ́ńkù, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni kí n rà nínú wọn?" Àwọ̀ ni ojú rẹ̀ wà lára. Mo ní kó wá súwíìṣì pupa kan rí ká tú u wò.

Ìdérí kékeré ló wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni òpó pupa tí orí rẹ̀ rí bí àgbélébùú, ibẹ̀ ni bọ́tìnnì ń jókòó lé. Sípíríǹgì tó tín-ín-rín ju ìka ọmọ ọwọ́ lọ ló gbé òpó náà dúró. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ewé irin méjì tí kò fara kanra, nítorí pé ẹsẹ̀ òpó náà ló là wọ́n láàárín. Bí òpó bá sọ̀kalẹ̀ dé ibì kan, ẹsẹ̀ náà yẹ̀ kúrò, ewé méjèèjì á fẹnu kanra, kọ̀ǹpútà á sì mọ̀ pé a ti tẹ lẹ́tà. Iléeṣẹ́ Cherry, tí Walter Cherry dá sílẹ̀ ní Illinois lọ́dún 1953, tó sì kó lọ sí Jámánì lẹ́yìn náà, ló gbé irú súwíìṣì yìí, MX, jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà lónìí, ara rẹ̀ ni wọ́n ti wò ó ṣe.

Ìrìn òpó pupa láti òkè dé ìsàlẹ̀ jẹ́ mílímítà 4. Ní mílímítà 2, lẹ́tà ti jáde. Èdè wa ti ya ìrìn kékeré yìí sí ọ̀nà mẹ́ta kí ẹnikẹ́ni tó fi rúlà wọ̀n ọ́n. Kí ìka tó dé mílímítà 2, a kàn fọwọ́ kàn án ni. Ní mílímítà 2 gan-an, a tẹ̀ ẹ́. Láti ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, a ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé "tẹ̀ mọ́lẹ̀" kì í ṣe ọ̀rọ̀ ire: agbára tó kọjá ohun tí iṣẹ́ ń fẹ́ ni. Lórí kíbọọ̀dù, orí tábìlì àti oríkèé ìka ni àjẹkù agbára náà ń bá lọ.

Nítorí náà, ohun tó yẹ ká bi súwíìṣì ni pé: báwo ni ìka mi yóò ṣe mọ̀ pé mo ti tẹ̀? Ti pupa kì í sọ nǹkan kan. Wọ́ọ́rọ́ ló ń lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, agbára tó ń gbà sì jẹ́ 45 lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńtíníútìn, ìyẹn bí ìgbà tí a bá gbé gíráàmù 46 lé e. Irú mìíràn tún wà, dúdú: òun náà ń lọ wọ́ọ́rọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n 60 ló ń gbà, ó fi ìdá kan nínú mẹ́ta wúwo ju pupa lọ. Búráùn ní gegele kékeré lójú ọ̀nà: ìka á gun un, á sì sọ̀kalẹ̀, ó ti mọ̀. Búlúù ní gegele, ó sì tún ń dún kẹ́! Ìka mọ̀, etí mọ̀, ẹni tó ń sùn ní yàrá kejì náà mọ̀. Kí súwíìṣì wọ̀nyí tó gbajúmọ̀, iléeṣẹ́ IBM ti gbé kíbọọ̀dù Model M jáde lọ́dún 1985. Sípíríǹgì ti ìyẹn fúnra rẹ̀ ló ń tẹ̀ bí igi ṣe ń tẹ̀, tí a bá ti fi agbára lé e dójú àmì, tí á sì dún. "Tẹ̀" méjèèjì pàdé nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo: a tẹ̀ ẹ́, ó tẹríba.

Àwa tí a ń kọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Láyé taipúráítà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní àmì abẹ́ lẹ́tà, wọn kò ní àmì ohùn. Akọ̀wé á tẹ ojú ewé tán, á wá mú báírò, á máa fọwọ́ fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Kọ̀ǹpútà ti gba báírò lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìka kò dín. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà gbogbo àgbáyé, ẹ, ọ àti ṣ ní àyè tiwọn, àmọ́ "ọ̀" kò ní àyè kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀: ọ ni a ó gbé kalẹ̀, kí àmì ohùn tó gùn ún. Ẹ ka "ọ̀rọ̀" wò lórí kíbọọ̀dù tí àmì abẹ́ àti àmì ohùn ti ní bọ́tìnnì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: o, àmì abẹ́, àmì ohùn, r, o, àmì abẹ́, àmì ohùn. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀méje nítorí lẹ́tà mẹ́ta. Bí ọ bá ní bọ́tìnnì tirẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé ẹrù yìí fún wa: iléeṣẹ́ Lancor ní Massachusetts tó ṣe kíbọọ̀dù Konyin fún àwọn èdè Nàìjíríà, àti Kọ́lá Túbọ̀sún pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní YorubaName, tí wọ́n fún wa ní ìlànà ìtẹ̀ Yorùbá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n bá wa dín iye títẹ̀ kù. Súwíìṣì ni yóò bá wa dín ìwúwo rẹ̀ kù. Bí àmì ohùn bá sì bọ́, igbá, igba àti ìgbà di nǹkan kan náà. Òǹkọ̀wé Yorùbá ní láti mọ̀ dájú, lára ìka rẹ̀, pé àmì náà ti wọlé.

Ti ọmọ tó ń gbá géèmù yàtọ̀. Ní oṣù kìíní ọdún 2017, wọ́n gbá àṣekágbá ìdíje ńlá géèmù Counter-Strike ní Fox Theatre ní Atlanta, ẹgbẹ́ Astralis ti Denmark sì borí Virtus.pro ti Poland pẹ̀lú 2 sí 1. Nínú irú géèmù bẹ́ẹ̀, eléré tó ń sáré kò lè yìnbọn dáadáa àfi tó bá dúró, kò sì lè tètè dúró tí bọ́tìnnì kò bá tètè gbà pé ó ti gbé ọwọ́ kúrò. Ìtúsílẹ̀ níye lórí níbẹ̀ bíi títẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn eléré fi fẹ́ràn súwíìṣì tó ń lọ wọ́ọ́rọ́, bíi Speed Silver ti Cherry tó ń gbà ní mílímítà 1.2, àti àwọn tuntun tó ń lo mágínẹ́ẹ̀tì, tí iléeṣẹ́ Wooting ní Netherlands sọ di gbajúmọ̀. Àwọn oní-mágínẹ́ẹ̀tì yìí kò dúró de ojú àmì kan: bí ìka bá ti yí padà sókè díẹ̀, wọ́n ti tú u sílẹ̀.

Àwọn kan wá kọjá ibẹ̀, wọ́n jẹ́ kí kíbọọ̀dù máa bá eléré tú bọ́tìnnì kan sílẹ̀ nígbà tó bá tẹ òmíràn. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, Valve tó ni Counter-Strike fòfin de é lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Mo fara mọ́ òfin yẹn tọkàntọkàn. Àmì tó bá kù lẹ́yìn títẹ̀, ti ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ni. Bí ẹ̀rọ bá tẹ̀ fún wa, àmì náà kì í ṣe tiwa mọ́.

Mo wá dá ọmọ náà lóhùn. Mo ní, "Ìwọ, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ó ní géèmù lálẹ́, iṣẹ́ iléèwé lọ́sàn-án. Mo ní kó mú pupa, kó kọ́ ìka rẹ̀ láti má ṣe tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èmi tí Yorùbá kíkọ gba ọ̀pọ̀ ọjọ́ mi, búráùn ni mò ń lò, nítorí gegele rẹ̀ ń fún mi ní ìdánilójú lórí àmì kọ̀ọ̀kan, kò sì jí ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ẹni tó ń dá gbé, tí etí rẹ̀ sì fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, búlúù yóò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ẹni tí oríkèé ìka ń dùn kó jìnnà sí dúdú. Kí ẹ tó sanwó, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé kíbọọ̀dù síwájú yín, kí ẹ tẹ gbólóhùn Yorùbá kan tó ní àmì pé pérépéré, kí ẹ di ojú tẹ̀ ẹ́. Bí ìka yín bá lè sọ iye àmì tó wọlé kí ẹ tó lajú, súwíìṣì yín nìyẹn.