Láti Ọrùn dé Inú Ẹ̀jẹ̀: Ìtàn Àyẹ̀wò Táyírọ́ìdì

1. Ìfáàrà

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Nítorí pé ọrùn ni ó ti ń hàn, ọrùn náà ni àwọn ènìyàn gbà pé àìsàn ọ̀hún wà. Èrò tèmi ni pé ìtàn àyẹ̀wò táyírọ́ìdì jẹ́ ìtàn bí ọmọ aráyé ṣe kọ́ láti má ṣe gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Àwọn tí ẹ̀kọ́ náà sì ṣe pàtàkì fún jù lọ ni àwọn tí ojú kò lè rí nǹkan kan lára wọn.

2. Ọrùn àti ọ̀bẹ

Táyírọ́ìdì ni ẹran kékeré tí ó rí bí labalábá tí ó na ìyẹ́, ní iwájú ọrùn, nísàlẹ̀ gògóńgò. Áyódíìnì inú oúnjẹ ni ó fi ń ṣe àwọn hòmóònù tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé káàkiri, tí wọ́n sì ń pinnu bí ara yóò ṣe yára ṣiṣẹ́ tó. Bí áyódíìnì bá wọ́n, ẹran náà lè wú. Ìyẹn sì ni gẹ̀gẹ̀ tí à ń rí.

Theodor Kocher, oníṣẹ́-abẹ ní ìlú Bern ní Switzerland, mọ gẹ̀gẹ̀ gé dáadáa. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1883, ó kéde pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí òun gé gbogbo rẹ̀ kúrò lọ́rùn wọn ni ara wọn wú, tí ìrìn wọn ń falẹ̀, tí ọpọlọ wọn sì ń kú díẹ̀díẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọrùn ti dán, ṣùgbọ́n aláìsàn kò sàn. Ní ọdún 1891, George Murray ní Newcastle fún obìnrin kan tí ó ní irú àìlera yìí ní abẹ́rẹ́ omi táyírọ́ìdì àgùntàn. Ara obìnrin náà yá, ó sì wà láàyè títí di ọdún 1919. Ó wá hàn gbangba pé ohun tí táyírọ́ìdì ń dà sínú ẹ̀jẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀, kì í ṣe bí ó ti tóbi tó.

3. Wíwọn ohun tí a kò rí

Báwo ni a ó ṣe wọn nǹkan náà? Ní ọdún 1895, Adolf Magnus-Levy ní Jámánì fi hàn pé èémí aláìsàn lè sọ bí táyírọ́ìdì rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Aláìsàn yóò gbààwẹ̀, yóò dùbúlẹ̀, a ó sì wọn afẹ́fẹ́ tí ó ń lò. Ṣùgbọ́n ibà tàbí ìfòyà lásán lè ba èsì náà jẹ́. Lẹ́yìn tí Edward Kendall ti rí táírọ́síìnì yọ lọ́tọ̀ ní ọdún 1914, àwọn onímọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà láti wọn áyódíìnì tí ó so mọ́ èròjà inú ẹ̀jẹ̀. Èyí náà ní àbùkù tirẹ̀: oògùn ikọ́ tí ó ní áyódíìnì nínú lè mú kí ẹni tí ara rẹ̀ le dà bí aláìsàn.

Ilé ìwòsàn àwọn ológun tó ti fẹ̀yìn tì ní Bronx, ní New York, ni ojútùú ti wá. Ínsúlíìnì ni Rosalyn Yalow àti Solomon Berson ń ṣe ìwádìí lé lórí. Wọ́n rí i pé ara àwọn tí ń gba abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń pèsè èròjà tí ń gbá a mú. Àwọn olóòtú ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan kọ́kọ́ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èròjà agbánimú yìí gan-an ni wọ́n sọ di òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n fi òde àríyá ṣe àpèjúwe. Àga mélòó kan wà nílẹ̀. A mọ iye àlejò tí ó wọ aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n a kò mọ iye àwọn tí kò wọ̀ ọ́. Kí gbogbo wọn jọ dù àga náà: bí àwọn aláìláṣọ-ẹbí bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni aláṣọ-ẹbí tí yóò rí àga jókòó yóò ṣe dín kù. Hòmóònù tí a fi ìtànṣán sàmì sí ni aláṣọ-ẹbí. Ti inú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni èkejì. A ka àwọn tí ó ní àmì, a sì mọ iye àwọn tí kò ní. Berson kú ní ọdún 1972. Yalow gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1977. Àwọn méjèèjì kọ̀ láti gba ẹ̀tọ́ oníhun-ún lórí ọgbọ́n náà, wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún gbogbo ayé.

4. Ohùn ọ̀gá

Ní ọdún 1965 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí lo ọgbọ́n yìí láti wọn TSH, hòmóònù tí ẹran kékeré kan nísàlẹ̀ ọpọlọ fi ń pàṣẹ fún táyírọ́ìdì. Bí òṣìṣẹ́ bá ń lọ́ra, ohùn ọ̀gá a máa ròkè. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe àṣejù, ọ̀gá a dákẹ́. Ìdí nìyí tí TSH tí ó ga fi sábà máa ń fi hàn pé táyírọ́ìdì kò lágbára. Ṣùgbọ́n ọ̀gá náà lè ṣàìsàn. Nítorí náà ni a ṣe ń wọn táírọ́síìnì mọ́ ọn nígbà tí iyèméjì bá wà.

5. Ọmọ tí kò ní àmì

Ibi tí ọ̀rọ̀ mi ń lọ nìyí. Nínú bí ẹgbẹ̀rún méjì sí ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ọmọ, a máa ń rí ọ̀kan tí táyírọ́ìdì rẹ̀ kò ṣiṣẹ́ láti inú oyún. Hòmóònù ìyá rẹ̀ a máa bò ó láṣìírí. Ọmọ náà a dára lójú, ọrùn rẹ̀ kì í sì í sábà wú. Bí oṣù bá ti ń gorí oṣù láìsí ìtọ́jú, ọpọlọ rẹ̀ yóò pàdánù ohun tí oògùn kankan kò lè dá padà mọ́. Ní ọdún 1974, Jean Dussault bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Québec tí ó ń fi ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti gìgísẹ̀ ọmọ tuntun, tí a gbẹ sórí bébà, wá irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí fún ọmọ náà ní táírọ́síìnì lójoojúmọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, yóò lè dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ní ilẹ̀ wa, a ti jà gan-an nítorí ọrùn. Ní ọdún 1967, O. L. Ekpechi tẹ ìwádìí jáde lórí gẹ̀gẹ̀ ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà àti ipa tí pákí ń kó nínú rẹ̀. Láàárín ọdún 1990 sí 1999, áyódíìnì sì wọ inú iyọ̀ wa. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kò lè wo ọmọ tí a bí láìní táyírọ́ìdì, kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ tí a ń bí ní Nàìjíríà ni a ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.

6. Àsọkágbá

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Ó gba ayé ní nǹkan bí àádọ́rùn-ún ọdún láti kúrò lórí ọ̀bẹ Kocher dé orí bébà Dussault. Bí a bá ń dúró kí ojú ó rí àìsàn yìí lára ọmọ kí a tó gbà pé ó wà, a jẹ́ pé ọdún 1883 ni a ṣì wà.